Bí Tọkọtaya Bá Jáde Lọ Sẹ́nu Iṣẹ́, Ta Ni Yóò Gbọ́mọ Pọ̀n?

Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, èrò ti kún ibùdókọ̀ Ìkòròdù, Ìbàfò àti Mówe. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, akọ̀wé báńkì wà níbẹ̀, olùkọ́ àti agbẹjọ́rò kò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn ni ó ń du ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé Èkó kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dí ọ̀nà pa. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò yóò rí abiyamọ láàárín wọn, tí ọmọ oṣù mẹ́rin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún aládùúgbò kò tí ì kúrò lọ́kàn rẹ̀, tí ọmú sì ti ń kún un láyà. Bàbá ọmọ ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì yóò bá fi padà wọlé lálẹ́, ọmọ yóò ti sùn. Ilé wà lónìí tí ó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni ọmọ ń rí ojú bàbá rẹ̀ ní ojúmọmọ.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ láàárín àwọn àgbà, àwọn kan a máa dáhùn kíá pé ọ̀làjú ni ó fà á. Wọn a ní láyé àtijọ́ obìnrin a máa jókòó sílé tọ́ ọmọ, ọkùnrin a sì máa lọ sóko, àti pé láti ọjọ́ tí obìnrin ti ń gba owó oṣù ni ilé ti dàrú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣà Yorùbá ni wọ́n ń sọ.

Níbo ni a ti gbọ́ ọ rí ní ilẹ̀ Yorùbá pé obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí ó dá ṣáṣá, jókòó kalẹ̀ kí ọkọ máa bọ́ ọ? Bí ìyàwó bá ti wọlé ọkọ, tí ó sì ti lo sáà díẹ̀ níbẹ̀, ojúṣe ọkọ ni láti wá owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò fún un. Èrè òwò náà kì í ṣe ti ọkọ. Ti aya ni, òun ni yóò sì fi tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀, tí yóò fi ra aṣọ sára, tí yóò fi ná òbí rẹ̀. Ìyá kan ń rẹ aró, èkejì ń mọ ìkòkò, òmíràn ń fọ epo tàbí ó ń se ọṣẹ. Alájàpá ń rìn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ẹrù lórí, nígbà mìíràn pẹ̀lú oyún nínú. Orúkọ tí a ń pè ní Abíọ́nà kò ṣẹ̀yìn èyí: ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí sójú ọ̀nà ni, nígbà tí ó ń lọ sóko, sódò tàbí sọ́jà. Obìnrin tí ó jókòó sílé kì í bí Abíọ́nà. Ọ̀mọ̀wé obìnrin kan láti Amẹ́ríkà, Niara Sudarkasa, gbé ìlú Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ láti ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn obìnrin Yorùbá, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1973. Àkọlé ìwé náà pàápàá, tí ó dá lórí ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣiṣẹ́, tó láti pa àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ìjókòó-sílé lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ pẹ̀lú kò rí bí àwọn ẹlòmíràn ti ń rò ó. Ní ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá, oúnjẹ òwúrọ̀ kì í sábà jẹ́ oúnjẹ tí a dáná rẹ̀ nínú ilé. Ẹlẹ́kọ àti alákàrà ni ó ń gbé e kiri, tọmọdé tàgbà ni ó sì ń rà á jẹ, nítorí pé ìyá ilé náà ti ń múra ọjà tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ka aya bẹ́ẹ̀ sí ọ̀lẹ. Ó wá ṣeni ní kàyéfì pé lóde òní, dókítà obìnrin tí ó ti dúró lóru mọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, bí ó bá ra àmàlà wọlé, ìyá ọkọ rẹ̀ a fajú ro, a ní iyàwó òun kò mọ ilé tọ́jú. Ìyá ọkọ yìí kan náà ni ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kọ òwúrọ̀ alágbàrà tí wọ́n ń rà ní ojúde ilé ti tọ́ dàgbà!

Bí obìnrin bá wá ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé ìjọ́un, ta ni ó ń gbọ́mọ? Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ibi tí àtẹ wà ni ọmọ wà. Abẹ́ àtẹ ni ó ti ń sùn, ibẹ̀ náà ni ó ti ń mu ọmú. Ọmú yìí a máa tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí a tó já ọmọ lẹ́nu rẹ̀, tọkọtaya kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ara wọn kí ìyá má baà tún lóyún lé ọmọ náà lórí. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí obìnrin kan ní ọmọ ọwọ́ méjì tí ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ó bá bí ìbejì. Nígbà tí ọmọ bá sì ti ń rìn, àgbàlá agboolé ni yóò gbà á: ìyá ọkọ, ìyálé, àbúrò ọkọ, àwọn ọmọbìnrin tí ó ti ṣíwájú rẹ̀ dé ayé. Ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Àwọn kan ti sọ gbólóhùn yìí di ohun tí a ń fi parí ọ̀rọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n ìròyìn ni ó jẹ́ fún àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ojú náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, a lè kà wọ́n.

Ètò ọjà pàápàá ràn án lọ́wọ́. Ọjà ńlá ìlú púpọ̀ jẹ́ ọjà ọrún, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni a ń ná an. Láàárín ọjọ́ ọjà kan sí èkejì, ìyá lè wà nílé kí ó máa hun aṣọ lórí òfì ìdúró tàbí kí ó máa gún aró, kí ó sì máa fojú sí ọmọ. Iṣẹ́ oṣù kò mọ ọrún. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ni, ti nọ́ọ̀sì kò sì yọ ọjọ́ Àìkú sílẹ̀.

Kò yẹ kí a purọ́ mọ́ ayé àtijọ́ ṣá o. Orogún kan a máa lu ọmọ orogún rẹ̀ ní àlùbami nígbà tí ìyá ọmọ bá ti rìnrìn àjò. Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ a sì máa di àkẹ́bàjẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún ìyá pé kí ó yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ àti ọmọ.

Ibi tí yíyàn náà ti wá hàn gbangba. Ọ́fíìsì tí òyìnbó gbé dé Èkó, ọkùnrin ni wọ́n ṣe é fún, ọkùnrin tí aya rẹ̀ wà nílé tí ń se oúnjẹ, tí ń fọ aṣọ, tí ń wo ọmọ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, títí di ọdún 1946, obìnrin tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá lọ́kọ. Ìlànà tí ó wọ inú wákàtí iṣẹ́, ìsinmi ọdọọdún àti ìgbénilọ-síbòmíràn nìyẹn. Ní Èkó, lẹ́yìn Òfin Ìgbéyàwó ti ọdún 1884, àwọn ìdílé onígbàgbọ́ tí wọ́n kàwé bẹ̀rẹ̀ sí ka òwò ṣíṣe sí ohun tí kò yẹ màdáámù. Ọkọ ni yóò gbọ́ bùkátà, aya yóò máa rán aṣọ, yóò máa tẹ dùùrù. Ìgbà tí owó ọkọ kò kájú ilé mọ́, tàbí tí ọkọ fẹ́ ẹlòmíràn sẹ́yìn ilé, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rí i pé ìyá wọn tí ń ta aṣọ lọ́jà gbọ́n jù wọ́n lọ. Àwọn kan padà sídìí iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Charlotte Olájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ Blaize, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ dókítà, ni ó dá iṣẹ́ ọkọ̀ akérò sílẹ̀ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Orúkọ náà, ìyàwó ilé, tí àwọn akọ̀wé ń kọ sórí fọ́ọ̀mù lónìí bí ẹni pé iṣẹ́ kan ni, láti inú ìgbà náà ni ó ti wọlé. Kò sí nínú iṣẹ́ tí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni mọ̀.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ da iṣẹ́ ìwé pọ̀ mọ́ ọmọ títọ́ láìsí ariwo, bí a bá yẹ ilé wọn wò, a ó rí i pé agboolé ni wọ́n tún dá sílẹ̀ lọ́nà mìíràn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olùkọ́, ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ní Ìjẹ̀bú-Òde lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1932. Inú ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n ń gbé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kún ilé bámúbámú, kíláàsì kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ sí yàrá. Bí ó ti rí nìyẹn ní Aké pẹ̀lú, níbi tí bàbá Wọlé Ṣóyínká ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé Pétérù Mímọ́, tí ìyá rẹ̀ sì ní ṣọ́ọ̀bù; ẹni tí ó bá ti ka ìwé tí ọmọ náà kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1981, yóò rántí bí ilé yẹn ti kún fún ọmọ àti ìbátan tó.

Ti Hannah Ìdòwú Dídẹolú Awólọ́wọ̀ tún yàtọ̀. Ní ọdún 1944, ọkọ rẹ̀ kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì tó ọdún 1946 kí ó tó padà. Àwọn ọmọ ṣì kéré púpọ̀. Òwò ni ìyá yìí fi gbé ilé náà dúró, òwò yẹn ni ó sì ń bá a lọ títí ó fi di ìlúmọ̀ọ́ká oníṣòwò. Àwọn tí ń fi í ṣe àpẹẹrẹ aya rere fún àwọn ọmọbìnrin, ìdúróṣinṣin rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń sọ. Wọn a gbàgbé àtẹ. Bí kò bá sí àtẹ, agbẹjọ́rò tí ó padà dé ìbá ti nira láti rí.

Òfin wá ń kọ́? Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdajì owó oṣù ni ó pọn dandan fún agbanisíṣẹ́ láti san, bí obìnrin náà bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin a máa fara da iṣẹ́ títí ìrọbí fi súnmọ́ tòsí, kí ọ̀sẹ̀ tí yóò kù fún ọmọ lè pọ̀ díẹ̀. Òfin náà tún sọ pé ìyá ọlọ́mọ lè gba ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ohun rere ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè ti Ìsàlẹ̀-Èkó dé Ìkòròdù láàárín ìdajì wákàtí, kí ó fún ọmọ lọ́mú, kí ó sì tún padà? Ẹni tí ó kọ ọ́ ti rò pé ọmọ wà nítòsí, bí ó ti wà lábẹ́ àtẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbìyànjú ní ọdún 2014, nígbà tí ó fọwọ́ sí ìsinmi oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù kíkún fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin, fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni èyí kàn. Akọ̀wé báńkì àti olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni ń wò ó láti òkèèrè.

Bí ìsinmi bá tán, jẹ́léósinmi ni ó kàn. Orúkọ yìí pa èèyàn lẹ́rìn-ín bí a bá tú u: kí ilé lè sinmi ni a ṣe gbé ọmọ lọ. Ilé náà ti dá wà láti ìdájí, kí ni ó fẹ́ sinmi sí? Jẹ́léósinmi rere wà, tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n aago méjì ọ̀sán ni ilé-ìwé ọmọdé púpọ̀ ń parí, aago márùn-ún ni ọ́fíìsì ń kógbá sílé, ọkọ̀ tún ń gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ààfo àárín yìí ni wọ́n fi lẹ́sìnnì ọ̀sán dí. Àwọn olùkọ́ tí ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń sun lórí tábìlì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ohun mìíràn ń bá a lọ níbẹ̀ tí ó yẹ kí ó ká àwọn àgbà lára ju ọ̀rọ̀ àmàlà lọ. Òwúrọ̀ ni ìyá ń ki ọmọ rẹ̀. Kí ó tó wẹ̀, kí ó tó jẹun, bí ó bá ti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, a ó pe oríkì rẹ̀, Àjọkẹ́, Àkànní, Àbẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ yóò sì wú. Ìyá tí ó jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kò rí ẹni tí yóò kí i, kò sì rí ẹni tí yóò kì. Olùtọ́jú jẹ́léósinmi kò mọ oríkì orílẹ̀ ọmọ náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ní kí ó máa bá a sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Olúfẹ̀ tàbí ọmọ Oníkòyí ṣe ń tó ọdún márùn-ún láìgbọ́ ọ rí.

Àwọn tí kò fẹ́ jẹ́léósinmi, tàbí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù fún, a máa wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ibí yìí ni a ti ń fi orúkọ àṣà bo ohun tí kì í ṣe àṣà. Tọkọtaya tí ó kàwé yóò ní, ṣebí ọmọ àgbàtọ́ wà nílẹ̀ Yorùbá láti ọjọ́ tó pẹ́? Ó wà. Ọmọ àgbàtọ́ jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò, tàbí ọmọ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Òbí rẹ̀ mọ ẹni tí ó gbé e fún, ó mọ ìdí tí ó fi gbé e fún un: kí ó lè kọ́ ìwà, kí ó kọ́ òwò, kí ó má baà bàjẹ́ lọ́wọ́ ìyá tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ìgbà ọdún, ó ń padà wálé. Bí a bá fi ìyà jẹ ẹ́, mọ̀lẹ́bí yóò gbọ́, ìpàdé ẹbí yóò sì pé.

Ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá tí alágbàtà kó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ ilé bàbá rẹ̀, tí alágbàtà ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, kì í ṣe ọmọ àgbàtọ́. Bí a bá fẹ́ orúkọ fún un nínú àṣà, ìwọ̀fà ni ó súnmọ́ jù. Ìwọ̀fà pàápàá ní òpin: ọjọ́ tí a bá san gbèsè, ọmọ ń lọ ilé. Àgbà tí ó jẹ́ ìwọ̀fà tún ní ìdajì ọjọ́ fún oko ara rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2007, kọ̀ ọ́ pé kí a gba ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé tàbí àyíká ẹbí rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 sì sọ pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní ilé-ìwé títí yóò fi parí ìpele kékeré ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Síbẹ̀, ó di ohun tí ojú ń rí pé agbẹjọ́rò yóò jáde láti lọ rojọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní kóòtù, ọmọ ọlọ́mọ yóò sì dúró sílé láàárọ̀ kí ó máa pọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan ń gbé ọmọ kan, ọ̀kan nínú wọn nìkan ni yóò lọ ilé-ìwé.

Àwọn Yorùbá ti fi ọ̀rọ̀ àgbàtọ́ yìí ko àgbákò rí ní ìlú òyìnbó. Láti nǹkan bí ọdún 1955 títí wọ inú àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya ń lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ òfin, ìṣírò owó tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń bímọ. Onílé kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ọmọdé. Wọ́n wá ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ìdílé tí yóò bá àwọn wo ọmọ, àwọn òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex sì ń gbà wọ́n fún owó ọ̀sẹ̀. Lójú òbí, àgbàtọ́ ni. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, wọn yóò wá mú ọmọ wọn. Lójú àwọn òyìnbó mìíràn, owó ni. Lójú àwọn ẹlòmíràn, ọmọ ti di tiwọn. Kò sí ẹbí kankan láàárín tí yóò pe ìpàdé. Àwọn ọmọ kan rí ìfẹ́ níbẹ̀, àwọn mìíràn dàgbà láìmọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, tí wọ́n sì kórìíra àwọ̀ ara wọn. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967 fún òbí Yorùbá tí ń kẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì gbé fún ìdílé òyìnbó ní Tilbury, ti fi ìrírí rẹ̀ ṣe fíìmù tí ó pè ní Farming, tí ó jáde ní ọdún 2018. Kò rọrùn láti wò. Àwọn òbí náà kì í ṣe ìkà. Àṣà ni wọ́n gbé dé ibi tí igba ojú kò sí.

Lónìí, ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé lọ dípò ọmọ. Bí nọ́ọ̀sì Yorùbá bá bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, ìyá rẹ̀ yóò wọ bàálù. Lóòótọ́, òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òṣìṣẹ́ obìnrin láàyè láti gba ìsinmi tó ọ̀sẹ̀ 52, ju ìlọ́po mẹ́rin ti Òfin Iṣẹ́ wa lọ, ṣùgbọ́n kò fún un ní ẹni tí yóò bá a wẹ ọmọ. Ìyá àgbà náà kì í ṣe aláìníṣẹ́. Ó ní àtẹ nílé, ó ní ẹgbẹ́, ó ní èésú tí ó ń dá. Oṣù mẹ́fà tí ó bá fi wà lókè òkun, àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Bí ó bá ní ọmọbìnrin mẹ́ta tí gbogbo wọn jẹ́ òṣìṣẹ́, òwò rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni san owó yìí padà fún un; wọn a ra aṣọ fún un, wọn a ya fọ́tò.

Ẹni kan ṣẹ́kù tí a kò tí ì dárúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ètò yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 bí aya wọn bá bímọ, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni ọkùnrin fẹ́ fi ṣe, nígbà tí kò ní ọmú. Ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ, àga àti àgọ́ yíyá yóò gba ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù pọ̀ tó fún un láti jókòó ti ìyá àgbà ní àárọ̀, kí ó wo bí ó ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, bí ó ti ń fi kàn-ìn-kàn-ìn yí ọmọ lára, bí ó ti ń fi òrí na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí òun náà sì gbìyànjú rẹ̀ wò lójú rẹ̀. Nítorí ìyá àgbà yóò padà sídìí àtẹ rẹ̀, ìsinmi aya yóò sì tán, ní alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ òru bá kan obìnrin náà ní ilé ìwòsàn, òun nìkan ni yóò wà nílé pẹ̀lú ọmọ.